Kọfí Agolo Tí Mo Fún Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò parí rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ rán mi lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí, ó ní ẹ̀san ìtọ́jú tí mo ṣe fún bàbá òun ni. Gbogbo ẹbí ló ń ṣàdúà fún mi. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í se kọfí fún Bàbá. Wọ́n ti gbé ilẹ̀ Sudan rí nígbà tí wọ́n gba orí ilẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Gáhawà ni Bàbá ń pè é, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ìhà Kàbà ló ń fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, màá yan hóró náà nínú agbada títí yóò fi dúdú, màá gún un, màá sè é pẹ̀lú atalẹ̀, màá sì sẹ́ ẹ. Kó tó dénú ife, òórùn rẹ̀ á ti kan gbogbo àdúgbò. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá méjì kì í dúró de ìpè, imú wọn ló ń mú wọn wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Mo ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Ọjà Tuntun, ìgbà tí ọjà bá sì ń tà gan-an ni mo ní láti sáré wálé wá yan kọfí. Mo lóyún, èéfín yẹn ń mú kí èébì gbé mi. Bí mo ṣe ra kọfí agolo nìyẹn. Ṣíbí kan, omi gbígbóná, ó parí. Mo ju atalẹ̀ sí i. Mo rò pé mo gbọ́n.

Bàbá mu ún, wọ́n wo ìdí ife.

"Ìyàwó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ dà?"

"Asẹ́ tuntun ni mo rà, Bàbá."

"Mi ò gbóòórùn ẹ̀."

"Ibà tó ṣe yín lọ́jọ́sí ni. Ẹnu yín ni kò tíì padà bọ̀ sípò."

Bẹ́ẹ̀ ni mo purọ́ fún àgbàlagbà, ojú kò tì mí.

Mo tọ́ ọ wò fúnra mi. Kò dára. Ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí agolo ni òórùn rẹ̀ ti tán. Tó bá dénú omi, ó ku kíkorò lásán tó ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Kò ki, kò sì ta sánsán. Síbẹ̀ mi ò padà sídìí agbada. Hóró tó ń ti Kàbà wá, ààtàn ni mo ń dà á sí.

Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá mu ún, wọ́n dúpẹ́. Àlejò kì í ṣáà bú oúnjẹ onílé. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Bàbá gbà pé ahọ́n àwọn ti kú. Wọ́n ń gbóòórùn ọṣẹ, wọ́n ń jẹ atalẹ̀ ní tútù, wọ́n ń dán ara wọn wò. Ọkọ mi ra oògùn títí. Mi ò sọ pé kọfí ló pa wọ́n o, wọ́n ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn, Bàbá nìkan ni wọ́n ń dá jókòó lórí ẹní lẹ́yìn Alásárì, èmi ni mo sì fà á.

Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀. Mo ti bẹ gbogbo ẹni tí mo bá jà, tó fi mọ́ obìnrin tí a jọ jà nídìí ẹ̀rọ omi. Bàbá ti wà nínú sàréè. Aáfà tí mo bi léèrè, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ní kí n lọ bá àrólé olóògbé. Ọkọ mi ni àrólé. Tí mo bá sọ fún un, ṣé yóò tún lè wojú mi? Tí mi ò bá sọ, kí ni mo ń lọ ṣe ní Mẹ́kà?

Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn nìyí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Bàbá jáde láyé, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, forí jì mí. Ẹnu mi ló bàjẹ́, kọfí ẹ ni mò ń bá wí." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mo ti forí jì yín, Bàbá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.