Ẹran Iléyá Nínú Fíríìjì Oògùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó bú mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Ìyá àgbàlagbà kan ló bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì lè sọ òótọ́ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn.

Èmi ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mo le. Bí nọ́ọ̀sì kan bá gbàgbé láti fọ ọwọ́, gbogbo ọgbà ni yóò gbọ́ ohùn mi. Èmi ni mo lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì pé oògùn nìkan ni ká máa kó sí i. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé nítorí àwọn tó ń wá yẹ̀ wá wò láti ìjọba la ṣe ń pa ìlànà mọ́. Bí wọ́n bá ti lọ tán, omi tútù mi á padà sínú fíríìjì.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ìyá tí a gbẹ̀bí wọn gbé ẹran Iléyá wá fún wa, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ta ni kì í jẹ ẹran Iléyá ní Ifẹ̀? Ẹran náà pọ̀. Mo yọ páálí abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, mo kó ẹran sí àyè rẹ̀. Mo ní bí mo bá ti ń lọ sílé, màá dá a padà. Mo gbé ẹran lọ, mo gbàgbé abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ yẹn kò fẹ́ ooru rárá. Bí ooru bá sì bà á jẹ́, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ti ìsinmi Iléyá dé, ibẹ̀ náà ni mo bá a, páálí rẹ̀ gbóná. Ó yẹ kí n dà á nù, kí n sì sọ fún dókítà. Ojú tì mí láti sọ pé ẹran ni mo lé oògùn jáde fún. Mo rọra dá a padà sínú fíríìjì.

Kò pẹ́ sí i ni Ráfíátù wá bímọ. Ó bí ọmọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya. A fún un ní abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò dúró. A tún mú òmíràn nínú páálí kan náà. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó lè fà á nínú yàrá yẹn. Mo lè pariwo pé kí wọ́n sáré ra tuntun ní kẹ́míìsì iwájú wa. Ẹnu mi kò là. A gbé e sínú mọ́tò láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì kú lójú ọ̀nà, orí rẹ̀ wà lórí itan mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó burú jù nìyí. Múfútáù, ọkọ rẹ̀, bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ṣé kò mu àgbo kankan nílé?" Mo mọ̀ pé yóò ti mu ún. Aboyún wo ló wà ládùúgbò wa tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò ní se àgbo fún? Ìyá Múfútáù dúró níbẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo sè é fún un." Wọ́n sọ ọ́ láìbẹ̀rù, torí ire ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ṣe. Mo kàn mi orí, bí ẹni pé àgbo náà ló fà á.

Láti ọjọ́ náà ni Múfútáù kò ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kó kúrò nílé wọn ní Òkèrèwè. Ọmọ náà ti ń lọ iléèwé báyìí, Màmá Múfútáù kò sì tíì gbé e mọ́ra rí.

Àìsàn ti dá Màmá dùbúlẹ̀. Èmi ni mò ń lọ yẹ̀ wọ́n wò nílé, mi ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé àgbo mi ló pa Ráfíátù lóòótọ́? Òun náà ni mo mu nígbà tí mo lóyún Múfútáù."

Mo ní, "Màmá, Ọlọ́run ló mọ̀."

Bóyá ẹ̀jẹ̀ yẹn ì bá pa á náà bí abẹ́rẹ́ bá dára, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí pé Ráfíátù ni wọ́n ṣe ìlànà yẹn fún, kì í ṣe àwọn ará ìjọba. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Màmá ni àbí Múfútáù? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Láàárọ̀ òní, Màmá kò lè dìde jókòó fúnra wọn mọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ bẹ Múfútáù, kó dárí ji àwọn. Mo ní màá bá wọn bẹ̀ ẹ́.