Igi Irúgbá Tó Wà Lábẹ́ Adágún

Mo ń dúró kí obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ìbàfo dá mi lóhùn, nígbà tí bàbá kan tó wà níwájú mi sọ pé abẹ́ adágún Kainji, níbi tí ẹja yẹn ti wá, ni ilé àwọn wà.

"Abẹ́ omi kẹ̀, Bàbá?" ni obìnrin náà béèrè.

"Ìjọba kó wa kúrò kí wọ́n tó sé odò. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Àwọn kọ́sítọ́mà mi tó ń kó ẹja wá ní ọkọ̀ máa ń pòórá níbẹ̀, pé nǹkan kan ló ń gbé wọn mì. Ṣé òótọ́ ni?"

"Igi tí omi bò ni wọ́n ń kọlù. Irúgbá ẹnu ọ̀nà ilé wa nìkan, ọkọ̀ mẹ́ta ló ti fọ́ mọ́ ọn lára. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà, orí ẹ̀ máa ń yọ."

"Wọn ò wá gé e?"

"Wọ́n wá. Wọ́n ní kí n fi àwọn igi náà han àwọn. Mo fi gbogbo ẹ̀ hàn wọ́n, àfi ìyẹn."

Obìnrin náà gbé ẹja tó ń dì sílẹ̀. "Háà! Bàbá, kí ló dé?"

"Tí wọ́n bá gé e, kí ni màá fi mọ ibi tí wọ́n sin ìyá mi sí?"