Eyín Bàbá Kifayah Tó Wọ Inú Ẹ̀rọ

Ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn, Eyínmẹ́nugún! Àga ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn. Ẹ bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, orí bẹ́ǹṣì ni ọ̀daràn máa ń jókòó sí. Ẹ gbé búrẹ́dì yẹn sílẹ̀, mo ti rí i, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún yín, àmọ́ búrẹ́dì kọ́ ni mo ránṣẹ́ pè yín fún. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ṣe opó nínú ilé yìí, n kò yọjú sí ọjà Erunmu, n kò dé oko, mo jókòó, mo ń ka tẹ̀sùbáà, mo sì ń ka ẹ̀sùn yín mọ́ ọn. Ìjẹta ni mo jáde. Ẹ̀sùn náà pọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Kí lẹ wí? Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe? Háà! Ẹ wo ojú tí ọkọ mi ń ṣe, bí ẹni tí wọ́n bá lórí ìkòkò ọbẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Eyín ẹ̀gbọ́n yín, ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ yọ ọ́ nílé ìwòsàn yín nígboro. Ẹ ní eyín náà ò ní kòkòrò kankan, pé ẹran ìdí rẹ̀ ló ti jẹrà, ló fi ń mì bí igi ọgbà tí ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Ẹ wá ní kí ó fi tọrẹ. Ẹ ní ogójì eyín àgbàlagbà tí kò níhò ni ẹ ń wá, ẹ fẹ́ fi ṣe ìwádìí. Ó fún yín. Tayọ̀tayọ̀ ló fi fún yín! Ó padà délé pẹ̀lú òwú lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Kifayah, eyín mi ti wọ yunifásítì, ìwọ ṣì wà níbí."

Èmi rò pé ẹ ó gbé e sínú ìgò ni, kí ẹ máa wò ó. Ṣé mo mọ̀ pé ẹnu ẹ̀rọ ni ẹ ń gbé e lọ? Kifayah ló tú yín fó! Ọmọ tí ẹ gbà sílé torí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ẹ ń bọ́, òun ló rí fọ́tò lórí fóònù yín. Ẹ lu ihò sínú eyín ọkọ mi. Ẹ fi nǹkan funfun kan dí i. Ẹ wá rì í mọ́ ohun kan tó le bíi sìmẹ́ǹtì, ẹ gbé e sábẹ́ irin, irin ń jẹ ẹ́! Eyín tó ti ń jẹ ayé bọ̀ fún bí àádọ́ta ọdún, ẹ mú un fún irin pé kí irin náà wá jẹ ẹ́! Ṣé ara yín dá báyìí?

Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má kúnlẹ̀! Ta ló ń kúnlẹ̀ fún ta? Èmi ni ìyàwó, ẹ̀yin ni ọkọ. Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí, ẹ ò tíì pé ọdún kan, eyín méjì péré ló wà lẹ́nu yín, ikun imú ń dà sí i, wọ́n sì ní ọkọ mi ni yín, kí n má dárúkọ yín láéláé. Mo wo eyín méjì yẹn, mo ní Eyínmẹ́nugún ni n ó máa pe ọkọ mi obìnrin. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé, ṣé ẹ gbọ́ kí n ṣèèṣì pe orúkọ yín rí? Ọkọ tí mo pọ̀n! Ọkọ tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn lọ́nà odò! Ìyàwó wo ló tún sin ọkọ jù báyìí lọ? Ẹ wá dàgbà, ẹ di dókítà eyín, eyín ta ni ẹ fà lé ẹ̀rọ lọ́wọ́? Ti ọkọ mi àgbà!

Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ ti ṣàlàyé fún Kifayah, Kifayah sì ti ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ka ìdáhùn ìdánwò. Pé àwọn àgbẹ̀ ń wá bá yín láti Ìrókò, láti Akínyẹlé, láti ìhín náà, ẹ ń dí eyín wọn, kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ, wọ́n á tún gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà wá, ohun tí ẹ fi dí i ti là, nígbà mìíràn eyín náà á là tẹ̀lé e. Pé àwọn tó ṣe nǹkan yẹn lókè òkun kò mọ ẹni tó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ, tó ń rún egungun. Pé ẹ fẹ́ mọ èyí tó lè gba agbára ẹnu tiwa nínú oríṣi mẹ́rin: èyí tó dúdú bí òjé, èyí tó funfun, èyí tó rí bí ẹfun, àti èyí tí wọ́n po okùn wẹ́wẹ́ mọ́, okùn tín-ín-rín tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Ó dáa. Ṣé mo ní kò dáa? Pé ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ máa jẹ eyín nínú omi ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jẹun, lẹ́yìn náà á wá tẹ̀ ẹ́, á máa tẹ̀ ẹ́ lọ, títí eyín á fi ké kà! kó tó là. Ó ké! Kí ló dé tí ẹ ò ti ìka tiyín bọ̀ ọ́, kí ẹ̀yin náà ké?

Ẹ wò ó, èmi àti ẹ̀gbọ́n yín ti ń ṣe ìwádìí yìí bọ̀ kí wọ́n tó kọ́ yín ní A, B, D. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Ìgò mínírà ni, eyín ló fi ń ṣí i. Ẹkùrọ́ ni, eyín ló fi ń pa á. Wọ́n ní ẹkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà. Nílé yìí, eyín ẹ̀gbọ́n yín ni alábàákú ẹkùrọ́. Bí mo bá ti gbọ́ "kà!" ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àyà mi á já. Mo ní, "Bàbá Kifayah, òkúta wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn o, lọ́jọ́ kan eyín yẹn á fọ́." Á ní, "Kò ní fọ́ níṣojú mi. Bó bá fọ́, odindi ọdún kan ni n ó fi máa bá ọ fọ àwo." Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí kànìnkànìn wà! Á wá ní, "Bí kò bá wá fọ́ títí mo fi kú ńkọ́?" Ẹnu èmi náà ò dákẹ́, mo ní, "Èmi náà á fi eyín pa ẹkùrọ́ kan jẹ." Èmi tí n kò fi eyín pa nǹkan kan rí! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí àwo fífọ̀ yẹn, Eyínmẹ́nugún. Àfi bí ẹ ṣe gbé eyín lọ, tí ẹ lọ fi ṣe tiyín láìpe ẹlẹ́rìí!

Ẹ tún wá fi àbùkù kún un. Kò ní orúkọ níbẹ̀! Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni Kifayah ní ẹ kọ sí i lára. Àjàní, àgbẹ̀ tí gbogbo Erunmu ń kí kí wọ́n tó kí ara wọn, ó di nọ́ńbà kẹtàdínlógún bí ewúrẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kí lẹ wí? Òfin ni? Pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni eyín? Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n? Ẹ wò mí lójú. Ẹ ẹ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n. Obì ti pa á láró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdérí ìgò sì ti họ ọ́ létí. Bí wọ́n dà á mọ́ ẹgbẹ̀rún eyín, èmi á ṣà á jáde.

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé láti oko, tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń dì í sínú aṣọ funfun, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí mo ń rò. Àlàfo yẹn ni mo ń rò. Mo ní, ó ń lọ láìpé. Àáfà sọ fún mi lẹ́yìn fìdáù pé ohunkóhun tó bá kúrò lára ènìyàn, ilẹ̀ ló tọ́ sí. Ara rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé yìí, ẹyọ kan wà lọ́dọ̀ yín lábẹ́ irin. Ẹ máa dá mi lóhùn báyìí, kí ẹ má sọ ti òfin fún mi: níbo ni eyín ọkọ mi wà? Mo fẹ́ gbà á padà. Bó di lẹ́búlẹ́bú, mo fẹ́ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Ẹ má sì rò pé òrùlé ni n ó jù ú sí bí eyín ọmọdé o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni n ó sin ín sí.

Ẹ gbé ohùn sókè, n kò gbọ́. Òun ló kẹ́yìn? Mọ́kàndínlógójì ti là tán, òun nìkan ló kù nínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ẹ ò lè tẹ bọ́tìnnì? Ta ló wá tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin náà. Ẹ dijú. Háà, ọkọ mi kékeré. Ẹ sún mọ́ ìhín. Ẹ gba etí ìborùn yìí, ẹ nu imú. Ṣé ikun imú yìí ò tíì tán láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ni?

Ó tó. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, ẹ má fi èdè yunifásítì dá mi lóhùn, àpò sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi kà á. Àwọn yòókù gbé mélòó kí wọ́n tó là? Méjì. Méjì àbọ̀. Èyí tó gbójú jù nínú wọn gbé mẹ́ta. Tirẹ̀ ńkọ́? Mélòó? Ẹ tún un sọ. Mẹ́rin ó lé díẹ̀! Ẹ búra! Ẹ fi Kùránì búra! Ẹ ní okùn wẹ́wẹ́ yẹn ló wà nínú tirẹ̀, pé ó ràn án lọ́wọ́? Ẹ má sọ ìyẹn létí sàréè rẹ̀ o, kò ní gbà. Ó ní òun nìkan ló gbé e.

Kí lẹ ń wá nínú báàgì? Kí ni… Ẹ mú un dání láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, ẹ wá jẹ́ kí n máa pariwo kiri bí àparò! Ẹ gbé e wá. Ẹ rọra. Bísímílláhì. Òun ni. Obì rẹ̀ nìyí. Ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wò ó, mo lè rí ìlà náà, ṣùgbọ́n kò tú. Mo mì í, kò tú. Nǹkan tí ẹ fi dí i ló di ọ̀tún àti òsì mú pọ̀ yìí? Okùn tí ojú ò rí! Ó là, kò sì tú. Ẹ jẹ́ kí n dì í mú díẹ̀ sí i.

Ẹ̀n? Kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín? Ẹ ò tíì rí i ni? Ó borí mi! Àjàní borí mi! "Kò ní fọ́ níṣojú mi," kò sì fọ́ níṣojú rẹ̀, ó kú tán kó tó fọ́! Ọkùnrin yìí, ó kú, ó tún ń rí mi bú! Á á, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́.

Ẹ dìde, ọkọ mi. Ẹ bá mi mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí a lọ sin ín kí wọ́n tó pe ìrun Alaasari. Kí ẹ tó jáde, ẹ ki ọwọ́ bọ igbá rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yẹn, ẹ mú ẹkùrọ́ kan fún mi. Ẹyọ kan. Ẹ má lajú sí mi bẹ́ẹ̀, dókítà, ẹ má sọ fún mi pé eyín mi ò lè gbà á, mo ti ṣèlérí, ẹ̀bá sàréè rẹ̀ ni n ó ti pa á, kó gbọ́ "kà!" yẹn létí. Bí eyín mi bá fọ́, ẹ̀yin náà lẹ ó dí i. Olókùn yẹn sì ni kí ẹ fi dí i o, èyí tí kì í tú.