Ìbọn Tí Mo Yàn fún Sùnmọ́nù

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Ará Ìlá ni mí. Mo lọ sógun Búmà, mo sì padà wálé láàyè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Sójà. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹrù kan ti wà lọ́rùn mi. Ká ní èmi nìkan ló ń pa lára ni, ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ ba tọmọ ọlọ́mọ jẹ́ báyìí, ni mo ṣe mú gègé kọ̀wé sí yín.

Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni Sùnmọ́nù. Ọdẹ ni òun, ọdẹ lèmi náà. Ṣakabùlà ni gbogbo wa ń lò nígbà náà, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìyẹn ta ohun tó bá jìnnà. Nígbà tí mo dé láti ogun, mo máa ń ròyìn ìbọn òyìnbó fún un, èyí tí a ń fa irin ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta tó wọlé, tó lè pa ẹran láti orí òkè kan sí èkejì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àwa méjèèjì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ ní Òṣogbo sì fẹ́ ta ìbọn rẹ̀ méjì kó tó padà sí ìlú wọn.

Sùnmọ́nù kò lè lọ, ó ń kórè kòkó lọ́wọ́. Ó ní, "Sójà, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ lojú mi. Bá mi yan èyí tó dára."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń yàn án, kí ẹ lè mọ̀ pé n kò ṣèèṣì. Ẹni tó bá ń wo igi ìdí ìbọn bóyá ó ń dán, ọmọdé ni. Inú ihò rẹ̀ là ń wò. Mo yọ irin ìdí àkọ́kọ́, mo kọjú ẹnu rẹ̀ sí oòrùn, mo yọjú wò ó. Ó mọ́ bí abọ́ tánganran. Àwọn ìlà tó lọ́ yí inú rẹ̀ ká, tó ń jẹ́ kí ọta lọ tààrà, pé síbẹ̀. Inú èkejì dúdú. Ìpẹtà ti jẹ àwọn ìlà rẹ̀, òyìnbó yẹn kò nù ún lásìkò òjò. Mo fi ìkọ̀ọ̀kan ta ọta márùn-ún sí pákó kan tó jìnnà dáadáa. Ihò márààrún ti àkọ́kọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi bò wọ́n. Ti èkejì fọ́n ká bí àgbàdo tí adìẹ tú. Méjì kò tilẹ̀ kan pákó.

Ṣùgbọ́n igi ìdí èkejì yìí ń dán, ó sì lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé Sùnmọ́nù yóò fẹ́ràn rẹ̀. Mo mú èyí tó dára fún ara mi, mo gbé èyí tó lẹ́wà fún un. Mo ní nínú ara mi pé ìtòsí ni a sábà máa ń pa ẹran, kò ní mọ̀. Lóòótọ́, kò mọ̀. Ó fi itan ẹran àkọ́kọ́ tó fi í pa ránṣẹ́ sí mi pé òun dúpẹ́. Mo jẹ ẹ́.

Ọdún yẹn kò tíì parí nígbà tí Aṣípa àwọn ọdẹ kú. Èmi àti Sùnmọ́nù ni oyè náà kàn. Olúọdẹ ní kí a lọ sí àwọn òkè apá Ìgbájọ, kí wọ́n gbé igbá funfun kan sórí àpáta ní òdìkejì àfonífojì, kí ẹni tó bá fọ́ ọ gba oyè. Sùnmọ́nù ta á lẹ́ẹ̀mẹta, kò bà á. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ta, igbá fọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni gbogbo ló mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dájú ju tèmi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ lè má mọ èyí. Láàárín tiwa, bí ọwọ́ tó dájú bá ṣàdédé ń tàsé, a kì í wo ìbọn. Ilé ọdẹ là ń wò. Wọ́n ní bí ìyàwó ọdẹ bá ń rìn ìrìnkurìn, ọta ọkọ rẹ̀ kò ní bá ẹran. Ọdẹ kì í sì í gbé ìbọn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ká lè sọ pé ẹnìkan yóò dán an wò. A kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tí àgbà kan fi bi í pé, "Sùnmọ́nù, ìyàwó rẹ ń kọ́?"

Àsàbí ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Ọ̀rà. Ó máa ń ná ọjà ìlú wọn, ó sì máa ń sùn sílé bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ wí. Wọ́n pè é sáàárín agbo. Ó fi ahọ́n kan irin ìbọn, ó ní bí òun bá mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn Sùnmọ́nù, kí irin yìí pa òun.

Sùnmọ́nù wá kọjú sí mi. Ó ní, "Sójà, ìwọ lo yàn án. Ṣé àléébù wà lára ìbọn yìí?" Bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó fẹ́ kí n ní ó wà.

Mo ní, "Kò sí o. Òun ló dára jù nínú méjèèjì."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Ojúkòkòrò ni yíyàn yẹn. Èyí tí mo sọ lọ́jọ́ náà, n kò mọ orúkọ tí n ó pè é. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè ni, n kò fẹ́ kí wọ́n gbà á.

Irin kò pa Àsàbí, ọkàn ọkọ rẹ̀ kò sì balẹ̀. Nígbà tí Sùnmọ́nù tún tàsé àgbọ̀nrín kan lókèèrè, ó ní ìbọn ti jẹ́rìí. Ó dá Àsàbí padà sílé bàbá rẹ̀. Rábì ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Rábì ti dàgbà báyìí. Télọ̀ kan, ọmọ Iresi, fẹ́ fi í ṣaya. Àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà wá ṣe ìwádìí, ọ̀dọ̀ èmi Aṣípa tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ ni wọ́n sì wá. Bàbá àgbà kan nínú wọn ní, "A gbọ́ pé ìbọn ló lé ìyá ọmọ yìí kúrò nílé. A kò fẹ́ kí ìwà ìyá tẹ̀lé ọmọ wọlé wa. Ohun tí ẹ bá wí la ó gbà." Mo ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn Iléyá.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àsàbí ní Ọ̀rà. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu omi fún mi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ bàbá Rábì ti ń ba ẹran báyìí?"

Mo ní kò fi bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mo ti yẹ ara mi wò títí, Ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin kan kí mi lọ́jà nígbà kan, mo rẹ́rìn-ín sí i. Àbí ìyẹn ni?"

Mo mu omi, mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo bá lọ padà sílé. N kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa láti ọjọ́ náà.

N kò lè purọ́ pé n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo lè gbé ìbọn mi lé Sùnmọ́nù lọ́wọ́ lójú gbogbo ọdẹ, kó fi ta igbá lórí òkè kan náà. Yóò fọ́ ọ. Oyè yóò bọ́ lórí mi, ọ̀rẹ́ yóò bàjẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ojú Sùnmọ́nù bí igbá náà bá fọ́, tó bá mọ̀ pé obìnrin tí kò ṣẹ òun lòun fìyà jẹ fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún, Sùnmọ́nù ni àbí Àsàbí? Iléyá kò jìnnà mọ́. Ẹ bá mi tètè fèsì, kí Àsàbí tó tún rí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn kà sí ara rẹ̀ lọ́rùn.