Omi Àlùwàlá Tí Sùúrù Ń Mu

Nígbà tí èmi náà ṣì kéré bíi tiyín, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ní àdúgbò Treichville níbẹ̀, a kì í rí ajá arúgbó. Ẹ gbọ́ o. Ajá wà, wọ́n pọ̀... ṣùgbọ́n ta ló rí èyí tó gbó? Mọ́tò á pa á, tàbí kó jáde láàárọ̀ kó má padà mọ́. Màmá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa sọ pé, "Ajá kì í bá èèyàn darúgbó, ó kàn ń sìn ín dé ìdajì ọ̀nà ni." Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí Sùúrù ajá wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ká máa wò nínú ilé yìí. Kò sẹ́nì kankan.

Rabi, sún fóònù yẹn sẹ́yìn díẹ̀, omi á ta sí i. Ẹn-ẹ́n.

Bàbá bàbá yín ló gbé Sùúrù wá láti Vridi níbi iṣẹ́ ẹ̀, ó fi ẹ̀wù wé e. Mo ní, "Alhaji, ajá, nínú ilé tí a ti ń kírun?" Ó ní, "Ìta ni á máa gbé. A ò ní fọwọ́ kàn án." Bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe. Ẹnu ọ̀nà ni tiẹ̀, a ó da oúnjẹ sílẹ̀ fún un látòkè, ojú nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Alhaji kú, ajá ṣì ń sùn síbi tí bàtà ẹ̀ máa ń wà. Tí mo bá dárúkọ Alhaji, ó ń gbé orí sókè. Ta ló tún ń gbé orí sókè nínú ilé yìí? Ẹ̀yin?

Bon. Ọjọ́ kan mo jáde láti ṣe àlùwàlá, korobá ṣófo. Mo bu omi míì, mo wọlé lọ mú ìbòrí, mo padà dé... Sùúrù ti ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ajá tí kì í ya ibẹ̀ rí. Ó mu ún tán. Ó wá lọ tọ̀ sórí sìmẹ́ńtì, níbi tí Mufu, bàbá yín, ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Bàbá yín fárígá.

"Màmá, ajá yìí ti darúgbó, kò mọ ìwà hù mọ́."

"Ogbó ló ń mu omi báyìí?"

"Ẹ gbé omi kúrò. Tí kò bá mu, kò ní tọ̀."

A sì gbé e kúrò. Ẹ wo ọgbọ́n wa. A dé gbogbo korobá, a gbé òkúta lé wọn. Ajá ń lá ògiri abẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ń lá ibi tí aṣọ ń kán sí. Ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Bàbá yín ní tó bá tún tọ̀ síbẹ̀, Jímọ̀ ni òun á mú un lọ fún ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹrù ní Vridi, kó so ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ajá arúgbó, ṣéènì lọ́rùn, lọ́dọ̀ àjèjì...

Ó sì tún tọ̀. Kí n tó dami sí i láàárọ̀, mo rí èèrà. Wọ́n bo ibẹ̀. Mo dúró, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Torí mo ti rí irú ẹ̀ rí. Bàbá tèmi, omi ló ń mu ṣáá kó tó kú, èèrà a sì bo ibi tó bá tọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ogbó ló ń gbẹ ẹ́ lọ́fun." Ogbó. Nígbà tí dókítà fi dé, ó ní àtọ̀gbẹ ni, ṣúgà ló wà nínú ìtọ̀ ẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Ṣé ajá náà ń ní àtọ̀gbẹ? Ta ni mo fẹ́ bi?

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tó ti wọlé wa. Ẹ gbọ́... irun ló wà lókè o, kò sí ẹran lábẹ́. Eegun, eegun, eegun. Ojoojúmọ́ la sì ń wò ó, tá à ń sọ pé ó sanra. Irun la ń wò.

Rabi ló bá mi wá dókítà ẹranko nínú fóònù, ní Cocody, ibi tí ajá ti ń wọ mọ́tò bí ọ̀gá. Onítakisí kan wò wá níbí, ní Gonzagueville, ó ní, "La vieille, ìyá àgbà, ajá yẹn ò ní wọ mọ́tò mi. Ó ń rùn." Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mò ń rùn. Ibi ẹja ni mo ti ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn.

Dókítà yẹn, ọmọbìnrin kékeré ni, ìbéèrè ló ń bi mí ṣáá. Ṣé ó ń jẹun? Ó ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló ń jẹ? Àjẹkù búrẹ́dì onímílíìkì, látọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta tíì ní kiosque. Ó ní ká dá ìyẹn dúró. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó wọlé, ó jáde. "Mémé, àtọ̀gbẹ ni. Omi tẹ́ ẹ gbé kúrò yẹn, ìyẹn gan-an ni ìbá pa á." Ó ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́. Ojú ẹ̀ tó sì ti ń funfun, òun ò lè ṣèlérí pé á tún ríran dáadáa.

Jímọ̀ pé. Bàbá yín ti mọ́sálásí dé, ó bá mi nílẹ̀, mo fa awọ ọrùn Sùúrù mú, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kejì.

"Màmá, ọwọ́ yín ń kan ajá."

"Mo rí i. Tí mo bá ṣe tán, màá fọ̀ ọ́. Ṣé omi ni kò sí?"

Ó wọlé, ó gbé abọ́ kan jáde, ó bu omi kún un, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ti Sùúrù nìyí. Kẹ́nì kankan má dé e."

Ara mi ò tíì balẹ̀ o. Bí mo ṣe jókòó yìí, etí mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Tó bá ń lá omi, mò ń gbọ́. Tí kò bá lá a, àyà mi tún já. Láyé àtijọ́, a ò mọ̀, kò sẹ́ni tá a máa bi. Lóde òní ẹ ní dókítà ajá, ẹ ní fóònù, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà lẹ ṣì ń sọ: ó ti darúgbó. Ogbó kì í ṣe orúkọ àìsàn, ẹ̀yin ọmọ yìí. Tẹ́ ẹ bá rí èmi náà tí mò ń yí padà... tí mò ń mumi jù, tí mi ò dá yín lóhùn mọ́... ẹ má jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ máa wò mí. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ gbọ́wọ́ lé mi.