Ihò Mẹ́rin tí Craig Dí

Rárá, Harlan, má da kọfí fún mi, irin tó wà lábẹ́ tábìlì ọjà rẹ yẹn ni mo bá wá, èyí tó gùn tó apá ọmọdé, tí ọ̀dà yẹ́lò ṣì kù lára rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀, kí o sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé irin ìdìmú ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni, mo mọ̀, èmi ni mo tú u lára bọ́ọ̀sì náà nígbà tí mo ń ṣe mẹkáníìkì ní Grand Rapids, bọ́ọ̀sì náà ti kú, kò sì sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Irin mi ni. Tàbí kí n sọ pé irin ìyàwó mi ni. Craig, ọkọ ọmọ mi, ló kó o pọ̀ mọ́ pàǹtí fún ọ, tí ìwọ náà fi fún un ní gíláàsì fìtílà, mo ti gbọ́, o ò jẹ̀bi, jókòó.

Mo ní jókòó. Ẹjọ́ Craig ni mo wá rò, tábìlì tìrẹ ni mo kàn rí rò ó lé lórí.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tí Craig ń ṣe? Dókítà eyín ni. Èmi ò bá dókítà eyín jà rí, ọmọ dáadáa sì ni Craig, kì í mutí, kì í pariwo, ó máa ń pe Lavonne ìyàwó mi ní Ìyá, ó sì máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ ló ń sọ fún pé, "Kò ní dùn yín." Ó sọ ọ́ fún mi lọ́dún tí erìgì mi wú. Ó dùn mí, Harlan. Ó dùn mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ihò dídí ló fi ń jẹun, tó bá rí ihò lára ilé onílé, kí lo rò pé yóò ṣe? Ó dí i. Mo ní ó dí i, ó fi ẹ̀rọ ha á, ó dán an, ó tún fi aṣọ nù ún, tó fi jẹ́ pé tí o bá gbé awò ojú rẹ wá báyìí, o ò ní rí ibi tó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Òun gan-an ló ń bí mi nínú.

Gbọ́ bó ṣe rí. Èmi àti Lavonne la ra ilé orí táyà yẹn ní tuntun, a so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, etí adágún yìí kan náà la sì kọ́kọ́ wọ́ ọ wá. Lọ́dún tí Lavonne lóyún Denise, òjò rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ó fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun toyún, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. A délé, mo lọ tú irin yìí lára òkú bọ́ọ̀sì, mo dá ihò mẹ́rin sára páànù tó ń dán gbinrin, mo de irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ Lavonne ń dé, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ tèmi ń dé, nítorí èmi ò lóyún. Oyún ọjọ́ náà ni Denise. Denise yẹn ni Craig fẹ́. Mi ò sọ pé irin ló bí i o. Mo kàn ní kí Craig jókòó níbì kan tó pa rọ́rọ́ kó ro ẹni tí òun ì bá fẹ́.

Ó yá, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọwọ́ wa dí, ẹsẹ̀ wa wúwo, ilé náà wà lẹ́yìn abà. Àwọn ẹranko ràkúùnù ń gbé inú rẹ̀. Mo gbà pé wọ́n bímọ síbẹ̀, mo gbà pé wọ́n jẹ tìmùtìmù, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọbẹ̀ dìgbà tí wọ́n kó jáde, wọn ò tú nǹkan kan kúrò lára ògiri.

Craig dé, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Mo fẹ́ kó padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́." Mo ní ó dára. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kò sọ sí mi lọ́kàn nígbà náà pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀. Sítóòfù tó bá a wá, ṣé o rántí irú rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé tí o bá ṣáná sí i, á kọ́kọ́ ronú, lẹ́yìn náà á fò mọ́ ọ lójú? Ó jó irun ìpéǹpéjú mi dànù ní ìgbà kan, mo yọ ọ́, mo fi èyí tó mọ ìwà hù síbẹ̀. Craig ní èyí tó mọ ìwà hù kì í ṣe ojúlówó. Ó wakọ̀ la ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá lọ wá èyí tó ń jó ìpéǹpéjú, ó rí i, ó sì ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Àpótí yìnyín náà, òun ló dá padà, kò sí ẹni tó ń ta yìnyín gbàǹgbà tó ń lò mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí, nítorí náà ó pa àpótí náà dé, ó dán, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mílíìkì sì wà nínú bọ́ọ̀tì mọ́tò. Kọ́tìnnì tí Lavonne fúnra rẹ̀ lọ yàn lọ́jà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó ní wọn ò lo irú àwọ̀ yẹn lọ́dún náà. Ó fi àwòrán ìpolówó kan hàn mí lórí fóònù, obìnrin kan wọ bàtà gogoro, ó ń dín ẹyin nínú irú ilé yìí, ó ń rẹ́rìn-ín, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì pé méjèèjì. Mo ní, "Craig, mo wà níbẹ̀." Ó rọra gbá mi lẹ́jìká. Ó ní, "Bàbá, ó lè jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Àwọn tó ń ta ọmọ ló ní kí n yẹra.

Àní wọ́n ní kí n yẹra ní ti gidi. Lánàá, tí gbogbo yín tó wọ́ ilé orí táyà àtijọ́ wá du ríbọ́ọ̀nù níbí ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ tí àwọn èrò ń wọlé wòran káàkiri, mo jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, obìnrin kan nínú àwọn onídàájọ́ ìdíje náà wá, ó bẹ̀rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ṣé mo lè gbé àga mi sẹ́yìn igi, pé rọ́bà ni, kò sí irú rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ṣe ilé yìí. Mo ní èmi tí mo wà lórí rẹ̀ ńkọ́, mo wà lọ́dún náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Craig sáré wá, ó fún mi ní fìlà kan, ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń dé nígbà náà. Mo ní èmi ò dé fìlà nígbà náà. Ó ní àwọn èèyàn ń dé e. Mo dé e, Harlan. O rí mi nínú rẹ̀. O ṣe bí ẹni pé o ò rí mi, mo sì dúpẹ́.

Gbogbo ìyẹn, mo gbà á. Sítóòfù, mo gbà. Fìlà, mo gbà. Kì í ṣe torí fìlà ni mo fi jí dé ọ̀dọ̀ rẹ pẹ̀lú dírìlì lọ́wọ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe Lavonne, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa ṣì lọ mọ́ ọn lẹ́nu. Á fẹ́ sọ ìkòkò, á sọ agboòrùn, á mọ̀ pé òun ti ṣì í, á máa wojú mi. Dókítà, mi ò sọ ti eyín, ní orí rẹ̀ pé. Òun ò gbà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn, pé orí òun ń jò, pé a kàn ń rọra tan òun ni. Ohun kan ṣoṣo ló sì bẹ̀ wá fún láti ìgbà Kérésìmesì, kó tún sun inú ilé yẹn létí adágún yìí.

Denise gbé e wá nírọ̀lẹ́ àná, ó já a sílẹ̀ níbí, ó lọ wá ibi tí yóò gbé mọ́tò sí. Lavonne wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn. Kò gbójú sókè. Ó kàn na ọwọ́ ọ̀tún bó ṣe ń nà á láti ìgbà oyún Denise, bí èèyàn ṣe ń na ọwọ́ tan iná nínú yàrá ara rẹ̀ láìwo ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ bá páànù tó ń yọ̀. Ó rá a lọ sókè. Ó rá a wá sísàlẹ̀. Ó dúró.

Ó ní, "Del, mo rò pé nǹkan kan wà níbí."

Mo ní ó wà níbẹ̀, Craig ló yọ ọ́. Ó wo páànù náà. Kò sí ihò, kò sí àpá, ojú ara rẹ̀ nìkan ló rí nínú rẹ̀. Ṣé o rí ohun tí iṣẹ́ tó mọ́ ń ṣe fún èèyàn? Tó bá fi ẹyọ ihò kan péré sílẹ̀ fún mi, ǹ bá mú ìka ìyàwó mi, ǹ bá tì í bọ̀ ọ́. Ó ní, "Má parọ́ nítorí mi." Ó tún bẹ̀ mí, Harlan. Ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀ pé ó ti burú tó báyìí.

Mo yíjú sí Craig. Ó wà níbẹ̀, kò jìnnà tó ibi tí o wà sí mi. Àwọn onídàájọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwọ náà sì mọ ìlànà wọn, tí wọ́n bá gbọ́ pé ihò ti wà lára páànù náà rí, kí Craig máa kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Craig wo bàtà ara rẹ̀. Ó wò ó títí, bí ẹni pé eyín ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá, ó wá sọ sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lẹ́yìn ríbọ́ọ̀nù."

Lẹ́yìn ríbọ́ọ̀nù.

Ìyàwó mi lọ sun hòtẹ́ẹ̀lì. Denise sọ fún un níbẹ̀ pé irin wà lóòótọ́, Lavonne ní èmi àti Denise ti gbìmọ̀ rẹ̀ ni. Ó ní òun á yà síbí láàárọ̀ yìí láti dágbére fún ilé náà, òun ò sì ní wá mọ́.

Kí lo wí? Kí n gbé irin náà hàn án? Mo ti rò ó. Á ní orí tábìlì rẹ ni mo ti rí i rà, ìwọ náà sì wo ara rẹ, ta ni yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀? Èmi, ìfẹ́ ló ń mú mi sọ̀rọ̀, Denise, ìfẹ́ ni, ẹni tí òtítọ́ máa mú nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni Lavonne yóò gbà gbọ́. Ẹni náà ló lọ jẹ páńkéèkì nínú àgọ́ yẹn.

Nítorí náà gbé irin yẹn fún mi. O ṣeun. Wò ó, ó ṣì tẹ̀ síbi tó tẹ̀ sí. Dìde, ilé mi ò jìnnà sí tábìlì rẹ, bá mi gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ níbí, rárá, sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, tún sọ ọ́ kalẹ̀, Lavonne ò ga tó ìwọ. Ibẹ̀ yẹn. Má mì. Mi ò ní dá a lù fúnra mi, ẹni tó dí i ló máa gbẹ́ ẹ.

Ta ló ń bọ̀ lẹ́bàá omi yẹn? Òun ni. Àwọn onídàájọ́ náà ni wọ́n ń bá a rìn bọ̀. Ríbọ́ọ̀nù búlúù ló wà láyà rẹ̀, ti ipò kìn-ín-ní, àbí ojú mi ni? Búlúù ni. Ó gbà á. Ó sì tọ́ sí i, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kò sí ẹni tó lè dí ihò báyẹn ní gbogbo Michigan. Mọ́tò Denise sì nìyẹn lẹ́nu géètì.

Craig, ọmọ mi, kú oríire. Ó wù mí púpọ̀. Gbé àwo yẹn sílẹ̀, ṣíróòpù ń kán sí ọ lára. O ní lẹ́yìn ríbọ́ọ̀nù, ríbọ́ọ̀nù ti dé. Ẹ̀yin onídàájọ́, ẹ má lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró, mo ti gbé àga mi sẹ́yìn igi. Ìyá rẹ ló ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, Craig. Gba irin náà lọ́wọ́ Harlan. Gbé e sókè kó rí i. Dírìlì rèé. Sọ ẹni tó yọ ọ́ fún un, sọ iye ihò tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí o gbẹ́ wọn padà lójú rẹ̀. Sọ ọ́, ọmọ mi.

Kò ní dùn ẹ́.