Èmi Ni Mo Fa Omi Inú Gémù Náà

Láti ìdájí ni òjò ti ń rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Kò sí ìjì, kò sí àrá, omi ṣá ń dà wálẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé ẹ̀rọ omi ní ṣíṣí. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, kòtò iwájú ilé wa n'Íṣẹ̀rí ti kún, omi ti gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí. Ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Mo rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan pè mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó sọ bá mi lójijì débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ọpọ́n ẹ̀wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò nílé-ìwé, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ Músílíù ọmọ mi ni mò ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Síkírá. Nígbà tó yá, Músílíù fẹ́ Ṣadé, Ṣadé sì gbé ọmọ tirẹ̀ wá, Fúnmi. Ọmọ ọdún méjìlá làwọn méjèèjì nígbà náà. Ọdún kan gbáko, wọn ò jẹun nínú abọ́ kan náà. Bí Síkírá bá wọlé, Fúnmi á jáde.

Gémù ló bá wa parí ẹ̀. Músílíù ra ẹ̀rọ gémù àlòkù kan wálé láti Ìkọ̀tún, ó ní kí wọ́n jọ máa lò ó. Ọkùnrin kúkurú kan ni wọ́n ń darí nínú rẹ̀, tó ń fò láti orí pẹpẹ kan sí òmíràn nínú ilé gíga kan. Omi wà nínú ilé náà. Súìṣì pupa máa ń fa omi wálẹ̀, súìṣì aláwọ̀ ewé máa ń gbé e sókè. Mo máa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á máa là á yé mi.

"Màmá, ẹ ò rí i, omi yẹn ni àkàbà wa," Fúnmi á wí.

"Àkàbà ni, jàre! Ẹ lọ fọ abọ́."

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mo máa ń bú gémù náà. Mo ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó ṣe fún wọn. Gbogbo ọlidé ni wọ́n fi gun ilé náà. Bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí ẹní kan náà. Síkírá bẹ̀rẹ̀ sí í pe Fúnmi ní "èkejì mi".

Lọ́jọ́ òjò náà, ó ku yàrá kan ṣoṣo. Wọ́n ti gbé omi sókè dé ọrùn ọkùnrin náà. Ni Ṣadé bá ké sí wọn láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì títì pé omi ti ń wọlé, kí wọ́n wá bá òun kó ọjà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o!" Síkírá ló wí bẹ́ẹ̀.

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án? Àbí èmi àgbàlagbà?"

Wọ́n sáré jáde. Omi ti ń wọ pálọ̀ wa náà, mo ń fi abọ́ gbọ́n ọn síta. Mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kúkurú yẹn lójú tẹlifíṣàn, tó dúró nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti pẹ́ létí kòtò kì í rí omi nínú ilé kó fi í sílẹ̀. Omi tòótọ́ kò gbọ́ tèmi. Mo ní kí n kúkú fa eléyìí. Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé pádì tí wọ́n fi ń ṣe gémù náà, mo darí ọkùnrin náà sórí súìṣì pupa.

Omi lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan yọ lójú tẹlifíṣàn bí ìbéèrè. Mi ò mọ ohun tó wí. Mo tẹ bọ́tìnnì tí mo máa ń rí i pé wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó pa á.

Nígbà tí wọ́n dé, igbe ni Síkírá ké. Ó ní ibi tí wọ́n dé ti parẹ́, ẹ̀rọ náà ti kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Súìṣì tó lè gbé omi padà, òkè pátápátá ló wà, omi nìkan ló sì lè gbé èèyàn débẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé ti tì. Kò sí àlọ, kò sí àbọ̀.

Gémù lásán! Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fa omi kó má ṣeé dá padà.

Síkírá yíjú sí Fúnmi. Fúnmi nìkan ló padà wálé láàárín, ó wá mú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ fi bo ọjà.

"Ìwọ ni! O fẹ́ dá nìkan parí ẹ̀! O ò lè jẹ́ èkejì mi láé, ìwọ tí wọ́n gbé wá sílé bàbá mi!"

Ṣadé gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kúrò ní ti gémù nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, Músílíù pe gbogbo wa jọ. "Fúnmi, ṣé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?"

Ọmọ náà ò fọhùn. Ojú mi ló ń wò. Mo tẹrí ba, mò ń ṣa ẹ̀wà. Èmi tí mo ń bú gémù, ṣé èmi náà ni kí n wá sọ pé mo fọwọ́ kàn án? Ìtìjú yẹn ni, kò sí nǹkan mìíràn.

Músílíù ní ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Ṣadé ní wọn ò ní í máa pe ọmọ òun ní ọmọ tí wọ́n gbé wá, kí Fúnmi lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun n'Ílọrin. Láti ọjọ́ náà, Fúnmi àti Síkírá ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Fúnmi ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti bímọ. "Màmá, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wá o, kẹ́ ẹ mú Síkírá dání."

Mo ní Síkírá ò ní í gbà, nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá, mo rí yín. Mo wá mú ọ̀rá, ẹ gbé pádì lọ́wọ́. Mo kàn ń retí kí ẹ sọ ọ́ ni."

Ìgbà náà ni fóònù bọ́. Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ ọdún mẹ́tàlá gbé ohun tí èmi àgbà ò lè gbé. Nígbà tí mo máa fi gbé fóònù sétí padà, ó ní, "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ ṣáà wá."

Mo ti bẹ Síkírá kó bá mi lọ. Ó ní òun ò ní ẹnì kankan n'Ílọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ka èyí, kí ni kí n ṣe kí ọjọ́ Àìkú tó dé? Ṣé kí n dákẹ́ bí Fúnmi ṣe wí, kí n dá nìkan lọ? Àbí kí n jókòó síwájú Músílíù, Ṣadé àti Síkírá, kí n sọ ọ́? Bí mo bá sọ ọ́, ojú wo ni wọ́n á fi máa wò mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ. Lọ́jọ́ kejì òjò náà, oòrùn ràn. Èmi fúnra mi ni mo di ẹrù Fúnmi. Mo fi gààrí sí i, mo fi kúlíkúlí sí i, mo gbé báàgì náà dé ibi tí ọkọ̀ wà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀, kò sì tètè dìde. Ó ń wo ojú mi. Mo rò pé ó ń dágbére ni.

Mo ní, "Dìde, aṣọ ẹ á dọ̀tí."